Kápúsù Mẹ́rin Tó Ṣẹ́ Kù

Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni ó bẹ̀rẹ̀. Mo ń ká aṣọ lọ́wọ́ ni òtútù ṣàdéédéé gbá mi mú, tí eyín mi ń gbá ara wọn. Kí n tó ká aṣọ kẹta, ẹ̀yìn ti ń ro mí bí ẹni tí wọ́n lù. Ọ̀fìnkìn lásán kì í wọlé báyẹn. Ọ̀fìnkìn a máa yọ́ wọlé ni: ọ̀fun á kọ́kọ́ máa yúnni, imú á máa ṣomi, ó lè di ọjọ́ kejì kí ara tó wúwo. Fulú, tí àwọn dókítà ń pè ní influẹ́ńsà, kì í kan ilẹ̀kùn. Mo mọ ìyẹn lónìí. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, mo ní ọ̀fìnkìn ni, mo lo òògùn ibà, mo fi aṣọ bora, mo sùn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo rí antibáyótíìkì mélòó kan tó ṣẹ́ kù nínú àpótí tí mo ń kó òògùn sí. Mo lo méjì. Fáírọ́ọ̀sì, irú kòkòrò àìfojúrí kan, ló ń fa fulú, antibáyótíìkì ò sì lè fi fáírọ́ọ̀sì ṣe nǹkan kan, àfi kó máa yọ inú ẹni lẹ́nu. Ọjọ́rú, mi ò lè dìde. Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ mi wọ́ mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, nígbà tí àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í hán, nítorí mo ní asímà láti kékeré.

Ìbéèrè tí dókítà kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, mà?”

Mo ní, “Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan.”

“Rárá o. Ọjọ́ wo? Aago mélòó?”

Mo wò ó bí ẹni pé ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Mo ronú, mo rántí aṣọ tí mo ń ká, mo ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ajé. Ó fi ìka ṣírò rẹ̀, ó ní wákàtí 60 ti lọ. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Òògùn tó fẹ́ kọ fún mi ni oseltamivir, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Tamiflu. Kì í ṣe pé òògùn náà ń pa fáírọ́ọ̀sì. Fáírọ́ọ̀sì fulú á wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara, á máa bí sí i níbẹ̀, àwọn tó bí á wá já kúrò lára sẹ́ẹ̀lì yẹn lọ bá òmíràn. Jíjá yẹn ni òògùn náà ń dí lọ́wọ́. Bí èèyàn bá tètè lò ó, kí wákàtí 48 tó pé lẹ́yìn tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, nígbà yẹn ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Bí wọ́n bá ti já tán, tí wọ́n ti tàn ká ara, ta ló kù tí a ó dí lọ́nà?

Ó ní bí kì í bá ṣe ti asímà ni, bóyá òun á ní kí n lọ sinmi, kí n máa mu omi. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí dókítà máa ń fún ní òògùn yìí bí wákàtí 48 bá tilẹ̀ ti kọjá: aláboyún, àgbàlagbà tó ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ kéékèèké, àwọn tó ní asímà tàbí àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn, àti ẹni tí àìsàn náà ti wọ̀ lára débi tí wọ́n fi dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Ó sì bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: lára ẹni tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ kan ni òògùn náà ń gé kúrò nínú àìsàn. Ọjọ́ kan péré! Mo ti rò pé màá gbé e mì, màá sì dìde jó.

Ọ̀rẹ́ mi kan ti sọ fún mi nípa èyí tí wọ́n ń fà sínú, zanamivir. Mo béèrè fún un. Dókítà mi orí. Ìyẹ̀fun ni wọ́n ń fà sí ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè mú kí ọ̀nà èémí ẹni tó ní asímà fún pọ̀ lójijì. Bí mo bá yá ti ọ̀rẹ́ mi lò ńkọ́? Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́rú. Ohun kan tó gbà mí ni pé mi ò lágbára láti gbé fóònù.

Wọ́n fún mi ní kápúsù 10, mílígíráàmù 75 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Mo gbé àkọ́kọ́ mì nínú mọ́tò, láìfi nǹkan kan sẹ́nu láti àná. Wákàtí kan kọjá díẹ̀, inú mi dà rú, mo sì bì gbogbo omi tó wà níkùn mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti na ọwọ́ sí kápúsù kejì láti fi dí ipò èyí tó bá èébì lọ, ni ọkọ mi gba páálí náà lọ́wọ́ mi, ó pe apòògùn. Ọmọbìnrin náà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, “Ó tó ìṣẹ́jú mélòó lẹ́yìn tí ẹ gbé e mì? Ẹ rí kápúsù náà nínú èébì?” Mo ní ó lé ní wákàtí kan, mi ò rí i. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n lo èyí tó kàn ní àsìkò rẹ̀, kí n sì jẹun díẹ̀ kí n tó lò ó. Inú rírú àti èébì ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí òògùn yìí ń dá sí ènìyàn lára, àwọn mìíràn á ní orí fífọ́. Oúnjẹ díẹ̀ nínú ikùn máa ń dín in kù. Ó wà nínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ká sínú páálí náà. Mo ti fa ìwé yẹn ya pẹ̀lú páálí nígbà tí mo ń ṣí i. Inú àpò ìdọ̀tí ni mo ti lọ yọ ọ́, mo nà án lórí itan mi, mo kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ó wúlò fún mi láàárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti sùn lọ, mi ò lo ti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Aago kan òru ni mo jí. Lójú tèmi, kí n fi í sílẹ̀ kí n lo méjì papọ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ìwé náà ní rárá: bí èèyàn bá gbàgbé, kó lò ó bó bá ti rántí, àfi bí kò bá ju wákàtí méjì lọ mọ́ tí ti ìgbà tó kàn fi máa tó. Nígbà náà, kó fò ó. Lílo méjì pọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Mo lo ti òru, mo lo ti àárọ̀ ní aago rẹ̀.

Àṣìṣe mi tó ga jù ló kàn báyìí. Lọ́jọ́ Àìkú, ibà ti lọ. Mo wẹ̀, mo jókòó síta, oòrùn ràn mí lára, mo sì rí i pé ebi ń pa mí. Mo ka kápúsù tó kù. Mẹ́fà ti lọ, mẹ́rin ló kù. Mo ní, ara ti yá, ẹ jẹ́ kí n tọ́jú ìwọ̀nyí, a kì í mọ̀. Mo dá wọn padà sínú àpótí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ lọ yẹ àpótí yín wò. Mo mọ̀ pé “a kì í mọ̀” tiyín wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni antibáyótíìkì tí mo lò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ti wá.

Dókítà tó gbọ́ ọ lẹ́yìn náà bínú díẹ̀. Ó ní ara tó fúyẹ́ ò túmọ̀ sí pé fáírọ́ọ̀sì ti tán. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n kọ fún mi, ọjọ́ márùn-ún ló yẹ kí n lò. Fáírọ́ọ̀sì tó bá ṣẹ́ kù lára lè rọ́gbọ́n dá sí òògùn náà, kó sì mú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ọgbọ́n ni mo rò pé mo gbọ́n.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ìyàwó mi, fún mi ní ọ̀kan nínú kápúsù yẹn, kí tìẹ má baà ràn mí.” Màá ti fún un. Ọ̀lẹ ni ò jẹ́ kí n dìde lọ mú un. Òótọ́ ni pé dókítà lè fi òògùn yìí dáàbò bo ẹni tó ń gbé pẹ̀lú aláìsàn, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń lò ó: kápúsù mílígíráàmù 75 kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, fún àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ pé, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn tó bá aláìsàn pàdé. Kápúsù kan ṣoṣo tí ọkọ mi fẹ́ gbé mì, ẹyọ omi kan lórí iná ni.

Ọjọ́ Ajé, ó kan Màmá mi. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé. Wọn ò ní ibà. Wọ́n kàn ń sùn, wọn ò fẹ́ jẹun, wọ́n ń húkọ́, wọ́n sì bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ni ọjọ́ òní. Mi ò tètè fura pé fulú ni, torí mo rò pé fulú láìsí ibà kò sí. Ó wà o, pàápàá lára àgbàlagbà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí mo fura, inú mi dùn pé mo gbọ́n: mo ní òògùn nílé, wákàtí 48 ò tíì kọjá, mo ti kọ́gbọ́n lára tèmi. Mo fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀ kí wọ́n tó lò ó, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní kí n ṣe. Mo fún wọn ní kápúsù kan. Màmá gbé e mì, wọ́n ní, “O ṣeun, ọmọ mi.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe apòògùn. Kì í ṣe nítorí kápúsù náà, ikọ́ ni mo fẹ́ bi í pé kí ni mo lè fún wọn lò. Mo kàn mẹ́nu bà á láàárín ọ̀rọ̀ pé mo ti fún wọn ní Tamiflu mi tó ṣẹ́ kù. Ẹnu rẹ̀ dákẹ́ sára fóònù. Lẹ́yìn náà ó ní, “Mà, kíndìnrín Màmá ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ọdún kẹrin nìyí tí Màmá ti ń lọ sí kíníìkì kíndìnrín. Èmi ni mò ń mú wọn lọ. Èmi ni mò ń gbé ìwé wọn lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi rí pé ọ̀nà kíndìnrín, nínú ìtọ̀, ni òògùn yìí ń gbà jáde lára. Bí kíndìnrín bá ti rẹ̀, òògùn ò ní tètè jáde. Èyí tí wọ́n lò láàárọ̀ á ṣì wà níbẹ̀ bí ti alẹ́ bá dé, á máa gorí ara wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dín ìwọ̀n rẹ̀ kù fún irú wọn, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí kíndìnrín bá ṣì lè ṣe. Ó ní kí n má fún wọn ní òmíràn, kí n mú wọn lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Dókítà wo èsì ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì kọ kápúsù mílígíráàmù 30 fún wọn. Ọ̀kan tí mo ti fún wọn ò ṣe wọ́n ní nǹkan, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí ikọ́ yẹn ò bá yọ mí lẹ́nu tí mo fi pe apòògùn, màá ti fún wọn ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù, màá sì máa yin ara mi.

Mi ò sọ fún Màmá. Wọ́n ṣì máa ń sọ fún àlejò pé èmi ni mo wò wọ́n sàn.

Ọmọ mi obìnrin ló kẹ́yìn. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ní òtútù ń mú òun, ó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán. Mo wo aago. Aago méje, a ti wà níwájú dókítà. Wọ́n bi mí pé ìwọ̀n rẹ̀ mélòó, mo ní kílò 16. Nọ́ọ̀sì ní kó gun òṣùwọ̀n. Kílò 18 ni. Ti ọdún tó kọjá ni mo ń sọ. Fún ọmọ tó ti lé ní ọdún kan, bí ó ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n oseltamivir: mílígíráàmù 30 fún ọmọ tí kò ju kílò 15 lọ, 45 fún èyí tó lé ní 15 dé 23, 60 títí dé 40, ó wá di 75 ti àgbàlagbà. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni gbogbo rẹ̀. 45 ni tiẹ̀. Kílò méjì tí mo fi ṣì í ò yí i padà nígbà yẹn. Bó bá jẹ́ pé kílò 15 ni mo sọ, tí òṣùwọ̀n sì ní 17, ì bá yí i padà.

Olómi ni wọ́n fún un. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé mílílítà 7.5. Síríńjì kan wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú páálí. Mo dé ilé, ọmọ ń sunkún, mi ò rí síríńjì náà lójú ẹsẹ̀, mo sì mú ṣíbí. Èmi mọ̀ pé ṣíbí kan, mílílítà 5 ni, nítorí náà ṣíbí kan ààbọ̀ á jẹ́ 7.5. Mo fún un. Lẹ́yìn tó sùn, mo rí síríńjì lábẹ́ ìwé. Nǹkan kan ní kí n dán an wò. Mo bu omi sí ṣíbí náà kó kún, mo fi síríńjì fà á. Ọ̀pá rẹ̀ ń lọ sókè, ó kọjá 5, ó kọjá 6, ó dúró sí 8. Mo tún un ṣe. 8 ni.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. 8 lọ́nà kan ààbọ̀ jẹ́ 12. Mílígíráàmù 6 ló wà nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan òògùn yẹn. 72 ni mo fún ọmọ tí wọ́n kọ 45 fún. Mo pe apòògùn ní aago mẹ́wàá alẹ́ pẹ̀lú ìtìjú. Ó ní kí n fara balẹ̀, kí n máa ṣọ́ ọ bóyá yóò bì, kí n fún un ní 7.5 gan-an láàárọ̀, kí n má sì “yọ” èyí tó lé lára ti àárọ̀. Ó wá bi mí pé ṣé mo mi ìgò náà dáadáa kí n tó dà á. Mi ò mì í. Òògùn náà máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, àwọn tó bá bù lókè á jẹ́ omi dídùn lásán, ti ìgbẹ̀yìn á sì le. Inú fíríìjì ni mo ń gbé e sí, níbi tó lè wà fún ọjọ́ 17. Ní ìta fíríìjì, ọjọ́ 10 ni.

Alẹ́ kejì ni mi ò fẹ́ rántí. Aago méjì òru, mo gbọ́ igbe. Ọmọ mi dúró sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tọ́ka sí ògiri, ó ní kí n lé obìnrin yẹn lọ. Kò sí obìnrin kankan. Mo pe orúkọ rẹ̀, ó wò mí bí àjèjì, ó ń fẹ́ já lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ara rẹ̀ ń jó bí iná. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú aṣọ ìsùn.

Dókítà tó wà níbẹ̀ ò pa òótọ́ mọ́ fún wa. Fulú fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ibà líle, lè mú ọmọdé sọ ìsọkúsọ. Wọ́n sì ti gbọ́ irú rẹ̀ lára àwọn tó ń lo oseltamivir, ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní Japan, ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní ọdún 2007 ìjọba ibẹ̀ ní kí wọ́n má fún àwọn ọ̀dọ́ ọdún 10 sí 19 mọ́, ó di ọdún 2018 kí wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Nínú méjèèjì, èwo ló ṣe ọmọ tèmi? Dókítà ní òun ò lè búra. Wọ́n wò ó títí ilẹ̀ fi mọ́, ibà rọ̀, ó béèrè fún omi, ó sì pè mí ní Mọ́mì. Dókítà ló pinnu pé kó máa bá a lọ. Ó ní kí ẹnì kan máa sùn tì í, kí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí a sì padà wá kíá bó bá tún ṣe é, tàbí bí èémí rẹ̀ bá le, tàbí bí ara rẹ̀ bá sú tàbí tí ojú rẹ̀ wú. Ó tún kìlọ̀ pé kí a má fún un ní asipirín fún ibà, nítorí asipirín fún ọmọ tó ní fulú lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ jẹ́. Ọkọ mi bojú wo ilẹ̀. Ó ní in nínú àpò.

Kò tún ṣe é mọ́. Ó lo ti ọjọ́ márùn-ún pé, mílílítà 7.5, síríńjì, mo ń mi ìgò bí ẹni ń jó.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kó gbogbo àpótí náà lọ bá apòògùn. Ó tú u sórí tábìlì: antibáyótíìkì aláìlórúkọ, òògùn ikọ́ tó ti dì, àti kápúsù mẹ́ta tó kù nínú mẹ́rin. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ike kan tí wọ́n ń kó òògùn tí a ò lò mọ́ sí. Mo bi í nípa àjẹsára tí wọ́n ń fín sí imú tí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi fẹ́ ṣe. Ó ní èyí tó jẹ́ abẹ́rẹ́ ò ní wàhálà pẹ̀lú Tamiflu, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń fín sí imú, fáírọ́ọ̀sì tó ṣì wà láàyè ló wà nínú rẹ̀, òògùn náà á sì dí i lọ́wọ́. Ó kéré tán, kí wákàtí 48 kọjá lẹ́yìn tí ọmọ bá lo òògùn tán.

Ìwé kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wa báyìí. Kíndìnrín Màmá wà níbẹ̀, asímà mi wà níbẹ̀, ìwọ̀n ọmọ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, àti nọ́ńbà apòògùn. Síríńjì náà so mọ́ ọn pẹ̀lú okùn. Lánàá, ọkọ mi húkọ́ nínú bálùwẹ̀, ó sì yọrí síta, ó ní, “Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá o, kọ ọ́ sílẹ̀.” Omi ló há a lọ́fun.